Ohùn Àmọ̀kẹ́ Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹnikẹ́ni tó bá wọ ilé mi tòun ti ife omi lọ́wọ́ ti mọ̀ pé òun ò gbọdọ̀ sún mọ́ tábìlì kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní bí mo bá rí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ojú mi á yí padà bíi ti ẹni tó tẹ ejò mọ́lẹ̀. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ ohun tí omi tí kò kún àtẹ́lẹwọ́ ti fojú mi rí.

Rẹ̀mílẹ́kún ni orúkọ mi. Ọmọ Inísà ni mí, ilé wa kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí bàbá mi ti jẹ́ olórí akọrin láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ìyá mi, Àmọ̀kẹ́, ni ohùn ìjọ yẹn. Tó bá dá orin, àwọn tó ń ré kọjá lọ sóko á dúró, wọ́n á sọ ẹrù kalẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tó kú. Kò sí fọ́tò rẹ̀ kan tó dáa nílé. Ohun tó fi sílẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì méjì tí wọ́n gba orin rẹ̀ sí lọ́jọ́ ìkórè, ọdún kan kó tó lọ.

Kérésìmesì ọdún 1997 ni ẹ̀gbọ́n mi Olúfẹ́mi ti Amẹ́ríkà dé, ó sì gbé kọ̀ǹpútà wá fún Bàbá. Kí ni bàbá aláṣọ funfun fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe? Ohun tí gbogbo àdúgbò ń bi ara wọn nìyẹn. Olúfẹ́mi ki wáyà bọ ẹ̀yìn tépù, ó ki orí kejì bọ kọ̀ǹpútà, ọjọ́ mẹ́rin ló fi kó gbogbo orin inú kásẹ́ẹ̀tì náà sínú ẹ̀. Méjìdínlógún ni wọ́n. Kò pẹ́ tó parí tí kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì tí wọ́n ti bu tipẹ́ já wẹ́wẹ́ sínú tépù. Ó fẹ́ mú orin náà dání padà, ṣùgbọ́n orin kan ṣoṣo tóbi ju ohun tí dísíkẹ́ẹ̀tì lè gbà lọ. Ó ní tí òun bá tún ń bọ̀, òun á mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sínú síìdì wá. Bí ohùn ìyá mi ṣe di ohun tó wà níbì kan ṣoṣo láyé nìyẹn, nínú àpótí kan ní pálọ̀ wa.

Bàbá kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ máòsì, ìyẹn nìkan ló sì kọ́. Láràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, á jókòó síwájú rẹ̀, á tẹ orin kan, á di ojú, á máa fi ìka lu itan.

Èmi nígbà yẹn ń bá àwọn èèyàn tẹ̀wé ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan nítòsí gáréèjì Ìkìrun. Òkukù ni ẹni tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ti ń wá. Adéjàre lorúkọ ẹ̀, ọkùnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́, onísùúrù tó ń mú inú bí ni. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fara balẹ̀ wò ó, ó tú ìdérí kọ̀ǹpútà mi, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara irin rẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

"Bùọ̀dá, ṣé ẹ̀ ń gbàdúrà fún un ni?" mo bi í.

"Mo ń tọrọ gáfárà ni," ó dáhùn, kò wojú mi. "Iná kan wà lára èèyàn tí ojú kì í rí. Téèyàn ò bá kọ́kọ́ dà á nù sára irin, ó lè fi pa nǹkan inú ibí láìmọ̀."

"Ṣé ó wà lára èmi náà?"

Ìgbà yẹn ló tó wojú mi. "Ti ara yín yẹn, mi ò mọ̀ bóyá irin lè gbà á."

Ẹ gbọ́ ẹnu ẹni tí wọ́n ní kì í sọ̀rọ̀! Mo fi ìwé tí mo ń tẹ̀ bojú, àṣìtẹ̀ mẹ́tàlá ni ọ̀gá mi sì rí nínú ìwé ọ̀hún lọ́jọ́ yẹn.

Kí òjò ọdún 1998 tó dá, mi ò pè é ní bùọ̀dá mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, à ń jẹ ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkukù, ó ní, "Rẹ̀mí, irú ohùn wo gan-an ni ìyá rẹ ní?"

Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń fẹnu ṣàlàyé ohùn. Mi ò sì lè gbé e wá kó gbọ́, nítorí Bàbá ti ṣòfin. Ó ní ohùn Àmọ̀kẹ́ ò gbọdọ̀ jáde nílé. "Ó ti jáde nílé yìí lẹ́ẹ̀kan," ohun tó sọ nìyẹn, "kò padà wọlé mọ́." Ta ló fẹ́ bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jiyàn?

Mo rú òfin yẹn. Nǹkan kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà wa tí Bàbá ò mọ̀ pé ó wà: ìbẹ̀rẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, níbi tí ìyá mi ti ń dán máíkì wò. Kì í ṣe orin, Olúfẹ́mi gé e sọ́tọ̀, kò sì kà á mọ́ méjìdínlógún. Ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Òun nìkan ni dísíkẹ́ẹ̀tì lè gbà. Mo dà á kọ nígbà tí Bàbá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé e lọ sí Òkukù, àwa méjèèjì sì gbọ́ ọ nínú kọ̀ǹpútà Adéjàre. Ìyá mi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó ń bá Bàbá jà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó sọ, ẹ jẹ́ n fi pamọ́ títí a ó fi débẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, Adéjàre sì di ọwọ́ mi mú.

"Màá fẹ́ ọ, Rẹ̀mí," ó ní. "Tó o bá gbà."

Mo gbà. Àmọ́ látọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti ń bà mí, nítorí mo mọ irú ilé tí mo ti wá.

Àǹtí Ojúọlá, àbúrò Bàbá tó ń ta aṣọ ní Ìkìrun, ni alárinà wa. Ó wọ aṣọ tó dáa wá sí Inísà, ó kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bùọ̀dá mi, ẹnì kan rí òdòdó nínú ọgbà yín."

"Níbo lẹni náà ti ń jọ́sìn?" Bàbá ò tiẹ̀ béèrè orúkọ.

"Ẹ ò ṣe kọ́kọ́ béèrè ọmọ ẹni tó jẹ́?"

"Ojúọlá, níbo ló ti ń jọ́sìn?"

"Ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì kan ni, ní Òkukù."

Bàbá dìde, ó ń rìn káàkiri pálọ̀. "Àwọn tó ń wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run? Àwọn tó ní omi àdúrà wa ò yàtọ̀ sí omi kànga? Mi ò lọ́mọ fún wọn."

Ìyá Adéjàre náà ò sì gbà. Ó ní òun ò bí ọmọ àtúnbí kó lọ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀lé ìyàwó aláṣọ funfun. Báyìí la wà, ilé méjì tí wọn ò tíì ríra rí, tí wọ́n sì ti ń bínú síra wọn.

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1999, ohùn ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àwọn akọrin ti kó oríṣiríṣi nǹkan sí kọ̀ǹpútà náà, ó ti ń wúwo, orin á máa dún, á sì gé láàárín ọ̀rọ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ojú Bàbá funfun. "Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ bó ṣe ń kọsẹ̀?" ó máa ń wí. "Ó ń rẹ̀ ẹ́. Àmọ̀kẹ́ fẹ́ máa lọ." Kò jẹun dáadáa mọ́. Mo sọ fún Adéjàre, ó ní mẹ́mọ́rì rẹ̀ ló kéré, pé tí òun bá fi òmíràn kún un, ohùn náà á mọ́ gaara. Àǹtí Ojúọlá gbé ọ̀rọ̀ náà délé, Bàbá sì ronú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

"Kó wá," ó ní níkẹyìn. "Tó bá tún ohùn Àmọ̀kẹ́ ṣe, màá mọ̀ pé Ẹ̀mí gbà á, màá sì fún un lọ́mọ. Tí ò bá rí i ṣe, kó má tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́ láéláé."

Inú Àǹtí Ojúọlá dùn, ó gbá mi mọ́ra. Èmi ò lè bá a yọ̀. Wọ́n ti fi gbogbo ayé mi lé orí mẹ́mọ́rì, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ.

Ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù Kẹta ni Adéjàre dé. Ìbàdàn ló ti ra mẹ́mọ́rì náà, inú ọ̀rá dídán kan ló wà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ síta kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un, mo sì rí i pé Bàbá rí i.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "mo gbé ibi ìpamọ́ mìíràn wá láti Òkukù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ da orin náà kọ síbẹ̀ ká tó fọwọ́ kan ohunkóhun."

"Kó o wá gbé e lọ sí Òkukù lẹ́yìn náà?"

"Rárá, sà. Nítorí àìmọ̀ ni."

"Ohùn ìyàwó mi ò ní jáde nílé yìí. Ṣe ohun tó o wá ṣe."

Adéjàre ò jiyàn. Ó tú ìdérí àpótí náà. Eruku inú ẹ̀ pọ̀, òwú aláǹtakùn sì wà lára ìdérí, ló bá gbé ìdérí náà jáde lọ gbọ̀n lẹ́yìnkùlé. Mẹ́mọ́rì wà lórí tábìlì, inú àpótí ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Nílé wa, nǹkan tuntun kì í wọlé láìgba omi ìyàsímímọ́. Ìbáà ṣe bàtà, ìbáà ṣe àpò gààrí, Bàbá á mú àwo omi tó ti fi iyọ̀ àti àdúrà sí, á wọ́n ọn sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ dé láti Amẹ́ríkà, Bàbá wọ́n omi sí i, àmọ́ inú páálí ló wà nígbà náà, omi sì gbẹ sára páálí.

Mo ń gbé ohun mímu bọ̀ láti kíṣìnnì. Láti ẹ̀yìn kọ́tìnì ni mo ti rí Bàbá tó dìde, tó mú àwo. Ó yọ pátákó náà nínú ọ̀rá, ó di ojú, ètè rẹ̀ ń mì. Ó wọ́n omi sí pátákó náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dá a padà sínú ọ̀rá rẹ̀. Ó tún wá yíjú sí àpótí tó ṣí sílẹ̀, ó wọ́n ọn sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ń gbàdúrà fún ìyàwó rẹ̀. Mo gbọ́ tó pe orúkọ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé kò dáa. Ọdún méjì ni mo ti fi ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń já àdúrà bàbá rẹ̀ gbà? Kì í sì í ṣe ìyẹn nìkan, ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́. Ojú ló ń tì mí. Mo ń ro ohun tí Adéjàre á sọ nínú ara rẹ̀ nípa ìjọ wa, bí ìyá rẹ̀ á ṣe gbọ́, bí wọ́n á ṣe fi wá rẹ́rìn-ín ní Òkukù. Mo sọ fún ara mi pé omi ò pọ̀, ooru á ti gbẹ ẹ́. Mo gbé ohun mímu sílẹ̀. Mo dákẹ́.

Adéjàre wọlé, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara irin bó ṣe máa ń ṣe. Ó yọ pátákó náà, ó wò ó, ó fi etí bùbá rẹ̀ nù ún díẹ̀, ó tì í sí àyè rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Nǹkan dún pàù bí ìgbà téèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Èéfín tín-ín-rín kan jáde, òórùn ike jíjó gba pálọ̀. Adéjàre fa wáyà yọ lára ògiri. Ó tún un wò, ó yọ èyí, ó yọ tọ̀hún. Nígbà tó gbójú sókè, mo ti mọ̀.

"Àmọ̀kẹ́ dà?" Bàbá béèrè, ohùn rẹ̀ kéré.

Adéjàre dojú bolẹ̀. "Ẹ forí jì mí, Bàbá. Ọwọ́ mi ni."

"Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tó máa kú," Bàbá ní. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn. "Ẹ̀mí ti fi ẹni tó o jẹ́ hàn mí. Máa lọ."

Ó lọ. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú. Àǹtí Ojúọlá bẹ Bàbá, wọ́n gbé ibi tí orin wà nínú kọ̀ǹpútà náà lọ sí Ìbàdàn, àwọn tó mọ̀ ọ́n jù lọ ní ó ti jó, kò ní yí mọ́. Bàbá ṣì ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tó ti kú láràárọ̀. Ó ń fi ìka lu itan, kò sí ohun tó ń dún. Tí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, mo máa ń sáré kúrò, kó má baà rí ojú mi. Mo ń bẹ̀rù rẹ̀, mo sì ń bẹ̀rù ara mi jù ú lọ. Tí mo bá sọ̀rọ̀, màá sọ fún bàbá mi pé àdúrà rẹ̀ ló pa ohùn ìyàwó rẹ̀. Tí mi ò bá sọ̀rọ̀, ọkùnrin tí mo fẹ́ ni yóò máa ru ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá pè mí. "Tímótì, tíṣà tó ń kọrin pẹ̀lú wa, ti bá mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ. Ọmọ ilé Ọlọ́run ni. Lọ́jọ́ Àjíǹde ni màá dá a lóhùn."

Ọjọ́ Àjíǹde ku ọjọ́ mẹ́jọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkukù.

Adéjàre wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Kò sí iná ní Òkukù láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti rù. Ó fi àga lọ̀ mí, mi ò jókòó, mo bú sẹ́kún, mo sọ fún un pé Bàbá wọ́n omi sí pátákó náà, pé mo rí i.

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo rí omi lára ẹ̀. Mo fi aṣọ nù ún."

"O mọ̀? Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

"Kí n ní kí ni, Rẹ̀mí? Kí n sọ fún bàbá rẹ nínú ilé rẹ̀ pé omi àdúrà rẹ̀ ló ba nǹkan jẹ́, níwájú rẹ? Ohun tí wọ́n ti ń retí kí ọmọ Pẹ́ńtíkọ́sì sọ nìyẹn. Mo rò pé mo nù ún tán. Ohun tí ò yé mi di òní nìyẹn, mo nù ún tán."

Mo ti fẹ́ dákẹ́ níbẹ̀. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ dákẹ́. "Ó wọ́n ọn sínú àpótí náà pẹ̀lú," mo ní.

Adéjàre tẹjú mọ́ mi. "Inú àpótí kẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

"O sì dúró síbẹ̀ tí mo tẹ bọ́tìnnì."

"Ojú tì mí," mo ní. "Mo rò pé ẹ máa fi wá rẹ́rìn-ín."

Ó dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Mo jókòó nínú òkùnkùn ṣọ́ọ̀bù yẹn láàárín àwọn kọ̀ǹpútà tó ṣí ikùn sílẹ̀. Mo ní ó tán. Mo wá tún ohun kan ṣe, mo ba ìkejì jẹ́. Ó pẹ́ gan-an kó tó padà wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Èmi náà dákẹ́," ó ní. "Ká ní ẹnì kan ṣoṣo nínú àwa méjèèjì ló lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ṣé o rántí dísíkẹ́ẹ̀tì tó o gbé wá lọ́jọ́sí?"

"Ṣebí ohun inú ẹ̀ ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà tìrẹ."

"Mo ti pa gbogbo inú ẹ̀ rẹ́ ní oṣù Kìíní. Àmọ́ dísíkẹ́ẹ̀tì gan-an..." Ó na ọwọ́ sí orí pẹpẹ, ó gbé agolo mílíìkì kan sọ̀ kalẹ̀. Ó wà níbẹ̀, orúkọ mi wà lára ẹ̀. Àmọ́ kò sí iná tí a lè fi gbọ́ ọ. Dísíkẹ́ẹ̀tì sì rèé, tí ooru àti eruku ò jẹ́ kó pẹ́ láyé. Ó lè ti kú sínú agolo láti oṣù mélòó kan.

"Jẹnẹrétọ̀ wà níbi iṣẹ́ wa ní Ìkìrun," mo ní. "Àǹtí Ojúọlá lè mú Bàbá wá."

"Tí kò bá wá dún ńkọ́?"

"Màá ti sọ tẹnu mi kó tó dún."

Kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ wa ò ní ohun tó ń gbé ohùn jáde, ló bá di dandan ká gbé tirẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, a jọ wọ bọ́ọ̀sì. Adéjàre gbé àpótí kọ̀ǹpútà sórí ẹsẹ̀, ó fi táwẹ̀lì wé e bí ọmọ tuntun. Dísíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí a jókòó tán ni mo rí i pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá méjì ni dírẹ́bà kàn mọ́ ẹ̀yìn àga wa. Mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì ló sì ń pa ohun tó wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì. Mo bẹ dírẹ́bà kó jẹ́ n bọ́ síwájú, ó ní ibẹ̀ ti kún. Láti Òkukù dé Inísà, láti Inísà dé Ìkìrun, mo na ọwọ́ mi jáde lójú fèrèsé, mo di ìyá mi mú nínú atẹ́gùn. Àwọn èrò rò pé orí mi ti dàrú. Adéjàre ò rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ kan di apá aṣọ mi mú kí n má baà yọrí jù.

Bàbá ti wà níbẹ̀ nígbà tí a dé, Àǹtí Ojúọlá jókòó tì í. Bó ṣe rí Adéjàre, ó mú fìlà rẹ̀, ó fẹ́ dìde.

"Bùọ̀dá mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín," Àǹtí Ojúọlá ní. "Ẹ gbọ́ ti ọmọ yín ná."

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, kì í ṣe ọwọ́ Adéjàre. Omi ni. Mo rí yín nígbà tí ẹ wọ́n ọn sínú kọ̀ǹpútà, mi ò sọ̀rọ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Ojú Bàbá le bí òkúta. "Omi tí mo gbàdúrà sí," ó ní díẹ̀díẹ̀, "ló ba nǹkan jẹ́? Ẹnu tìrẹ nìyẹn, àbí ẹnu ti Òkukù?"

"Ẹnu tèmi ni, sà."

"Mo ti ń wọ́n omi yẹn kí wọ́n tó bí ọ. Kò ba nǹkan kan jẹ́ rí! Ìyá rẹ tó gbé e mu, ṣé ó bá mi wí rí?"

"Ó bá yín wí, Bàbá," mo ní. "Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́."

Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ fún un, dísíkẹ́ẹ̀tì, òfin tí mo rú. Adéjàre ti so wáyà rẹ̀. Ó ti dísíkẹ́ẹ̀tì wọlé. Ẹ̀rọ náà lọ̀ ọ́, krr, krr, krr, ó dúró. Ó kọ ọ́ síta pé òun ò lè kà á. Ó tún un ṣe, krr, krr, kò tún kà á. Bàbá ti de fìlà rẹ̀. Adéjàre yọ dísíkẹ́ẹ̀tì náà, ó fa irin kékeré etí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara kọ̀ǹpútà, ó sì tì í padà. Mo di ojú.

Ariwo bí òjò lórí páànù. Lẹ́yìn náà, obìnrin kan wúkọ́.

"Ṣé ó ti ń gbà? Wọn, tùú. Wọn, tùú. Rẹ̀mílẹ́kún, kúrò lórí wáyà. Háà! Bàbá Olúfẹ́mi! Omi kẹ̀? Ẹ gbà mí o, ẹ má wọ́n omi sí nǹkan yìí, iná ló wà nínú ẹ̀, ẹ fẹ́ bà á jẹ́!" Ẹ̀rín, ti òun àti ti àwọn èèyàn lẹ́yìn. "Èmi ni kí ẹ wọ́n ọn sí, ẹ ṣeun. Èmi ni mo fẹ́ kọrin. Ó tó, ó tó, ẹ ti rin mí gbingbin! Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀ láti dá orin. Ibẹ̀ ló gé.

Bàbá gbé ọwọ́ bo ẹnu bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

"Ohun tó sọ gan-an nìyẹn," ó ní nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Lójú gbogbo ìjọ. Mo ti gbàgbé. Orin ẹ̀ ni mo ń gbọ́ láràárọ̀, mo wá gbàgbé bó ṣe máa ń bá mi wí." Ó bọ́ fìlà. "Ẹ jẹ́ n tún un gbọ́."

Ẹ̀ẹ̀meje la gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Adéjàre. "Ìwọ, ṣé o rí omi náà lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo rí díẹ̀, sà."

"O sì sọ fún mi pé ọwọ́ rẹ ni."

Bàbá wò ó pẹ́. "Kọ̀ǹpútà mélòó lo lè kó nǹkan yìí sí?"

"Iye tí ẹ bá fẹ́, Bàbá."

"Kó o sí gbogbo wọn. Ti ibí yìí, ti Òkukù, fi ránṣẹ́ sí Olúfẹ́mi. Má fi í sójú kan mọ́." Ó sì ní kí Àǹtí Ojúọlá lọ sọ fún Tímótì kó má dúró de òun.

Orin méjìdínlógún ò padà wá. A ò rí wọn mọ́ títí dòní, mo sì ń jí lálẹ́ mìíràn nítorí wọn. Ṣùgbọ́n nínú oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, àwọn ará Òkukù wá tọrọ mi. Ìyá Adéjàre dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó wo ilẹ̀, ó wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì bọ́ ọ. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá mo gbà, mo jẹ́ hẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà kan wà lórí tábìlì ní pálọ̀, tuntun, Adéjàre ló tò ó fún Bàbá.

Bàbá dìde, ó mú àwo omi. Mo rí ọwọ́ Adéjàre tó le lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá ki ìka bọ omi, ó gbé e sókè, ó wá yíjú wo tábìlì yẹn. Ó dúró.

"Ẹ bọ́ síta," ó ní fún wa. "Ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ jìnnà sí nǹkan yẹn. Èèyàn la ń wọ́n ọn sí."

A kúnlẹ̀ nínú oòrùn lẹ́yìnkùlé, níbi tí Adéjàre ti gbọn eruku ìdérí lọ́jọ́sí. Omi náà tutù, mo sì ń tọ́ iyọ̀ inú ẹ̀ wò díẹ̀ ní ètè mi. Bàbá ò fi í mọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó wọ́n ọn títí a fi rin gbingbin, ẹ̀rù kankan ò sì bà mí.